Iná Inú Egungun Kì í Jóni

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó jìn sí kòtò ti kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n. Ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tí ẹ fi ìdálẹ̀ ṣe ilé, láti Kàdúná dé Kánò, láti Jọ́ọ̀sì dé Màídúgùrì, kòtò tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín lónìí, èmi gan-an ni mo jìn sí i, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fa àgbàlagbà kan wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ara mi. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń ṣe lábẹ́ ìjọba. Ìwé ìkéde, ìlànà owó orí, ìkìlọ̀ nípa àrùn onígbáméjì, gbogbo wọn ni mo ti sọ di Yorùbá rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ kékeré, ni mo lò ní ọjọ́ kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bàbá yìí di arọ. Ọ̀rọ̀ náà ni “iná”.

Ọmọ Ọ̀fà ni bàbá náà. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ó ti ń ránṣọ ní Kàdúná, orí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ ni ó sì ti tọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀. Ọ̀kadà kan ni ó gbá a lálẹ́ ọjọ́ kan bí ó ti ń ti ibi ìsọmọlórúkọ bọ̀, ojúgun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì dá. Ilé ìwòsàn tò ó, wọ́n fi pílásítà dì í, wọ́n sì ní kí ó máa ka oṣù. Ó ka oṣù mẹ́ta, ó ka mẹ́fà, ó ka mẹ́sàn-án, egungun kò so. Nínú fọ́tò ẹ́síréè, àlàfo tín-ín-rín ṣì wà láàrin egungun méjèèjì bí ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò tì. Oníṣègùn ní ọ̀nà méjì ni ó kù: kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, tàbí kí wọ́n kọ́kọ́ dán ẹ̀rọ kan wò tí ń fi agbára ẹ̀lẹ́tíríìkì ta egungun jí. Ọmọ bàbá tí ó wà ní Amẹ́ríkà bá dókítà ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́. Ó jọ ẹ̀gbà ńlá kan tí a fi wáyà ká, tí wọ́n fi ike bò, tí a lè fi sí ojúgun lórí pílásítà, tí àpótí bátìrì kékeré sì so mọ́ ọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé ìlànà rẹ̀. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí mi.

Mo jókòó, mo ka ìwé náà tán, mo sì fi ẹnu akọ̀wé sọ fún bàbá pé, “Bàbá, iná mànàmáná ni ẹ̀rọ yìí yóò máa rán sínú egungun yín lójoojúmọ́.”

Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ọmọ mi, ojú mi ni wáyà iná ṣe gbé ọkùnrin kan lọ́jà, tí ó gan mọ́ ibẹ̀. Ṣé ìgbà tí mo darúgbó tán ni ẹ̀yin ọmọ yóò fi iná sun mí?”

Ó kí mi kú iṣẹ́, ó fún mi ní omi mu, ó sì ti ẹ̀rọ náà mọ́ inú àpótí. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni ó fi wà níbẹ̀. Nígbà tí mo padà gbọ́ ìròyìn rẹ̀, ohun tí bàbá ń wá ni ọkọ̀ tí yóò gbé e relé ní òru, kí a-to-eegun ìlú rẹ̀ lè tú pílásítà náà, kí ó sì tún ẹsẹ̀ náà dì. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé bàbá kò ṣẹ̀. Èmi tí mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ láìtíì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ ni mo ṣẹ̀.

Nínú èdè tiwa, iná ni ohun tí a fi ń dáná, iná ni ó ń jó oko, iná náà ni a sì pe ohun tí wáyà ń gbé wọlé. Àwọn òyìnbó kò fi orúkọ iná pè é. Orúkọ oje igi kan tí ó ti gan di òkúta ni wọ́n ti fa orúkọ tiwọn yọ, oje tí àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ rí i pé bí a bá fi aṣọ ra á, yóò máa fa ìyẹ́ mọ́ra. Nítorí náà, bí òyìnbó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, agbára tí ń fà, tí ó sì ń tì ni ó wá sí i lọ́kàn. Bí àwa bá gbọ́ tiwa, jíjóná ni ó ń wá sí wa lọ́kàn. Mo padà lọ sídìí ìwé, mo sì kàwé títí ọ̀rọ̀ náà fi yé mi. Ohun tí ó yé mi náà ni mo fẹ́ kí ó yé ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Èkíní, egungun kì í ṣe igi gbígbẹ tí Ọlọ́run fi ti ẹran ara dúró. Ohun alààyè ni. Bí a bá wọn egungun wò, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀ ni ó jẹ́ ohun àlùmọ́nì, èyíinì ni kálísíọ́ọ̀mù àti fọ́sífétì tí wọ́n para pọ̀ di hóró kéékèèké tí ó le bí òkúta. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù jẹ́ okùn ẹran ara tí a ń pè ní kọ́lájìn. Ẹ wo ilé tí a fi kọnkéré kọ́. Kọ́lájìn ni ọ̀pá irin inú rẹ̀, hóró àlùmọ́nì wọ̀nyí sì ni kọnkéré tí a dà lé e. Irin láìsí kọnkéré yóò tẹ̀. Kọnkéré láìsí irin yóò fọ́. Nínú egungun kan náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì akọ́lé wà tí ń fi egungun tuntun lélẹ̀, àwọn awólé tí ń wó èyí tí ó ti gbó, àti àwọn aṣọ́nà tí wọ́n há sínú ògiri tí wọ́n ń ṣọ́ ibi tí ẹrù wúwo sí. Bí egungun bá dá, àwọn akọ́lé á kọ́kọ́ ta okùn kọ́lájìn sílẹ̀. Yóò tó bí ọjọ́ mẹ́wàá kí hóró àlùmọ́nì tó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sórí okùn náà. Bí okùn bá wà tí àlùmọ́nì kò jókòó, ohun rírọ̀ lásán ni yóò wà lójú ibi tí ó dá. Ìṣòro ẹsẹ̀ bàbá wa nìyẹn.

Èkejì, agbára ẹ̀lẹ́tíríìkì kì í ṣe àlejò nínú egungun. Ní 1892, oníṣègùn ará Jámánì kan, Julius Wolff, tẹ ìwé jáde láti fi hàn pé bí ẹrù ṣe ń wọ egungun ni egungun ń ṣe ara rẹ̀: ibi tí ẹrù bá pọ̀ sí yóò nípọn, ibi tí ẹrù kò bá sí yóò fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n báwo ni egungun ṣe ń mọ ibi tí ẹrù wà? Ní 1957, àwọn ará Japan méjì, Eiichi Fukada àti Iwao Yasuda, gé egungun gbígbẹ, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì rí i pé bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ ni agbára ẹ̀lẹ́tíríìkì kékeré ń jáde lára rẹ̀. Ní 1962, Bassett àti Becker ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà rí irú nǹkan kan náà, pé bí egungun bá tẹ̀, ìhà tí ó fún pọ̀ yóò di ìhà àyọkúrò, bí etí bátìrì tí wọ́n kọ àmì àyọkúrò sí. Ìhà náà sì ni egungun tuntun ń hù sí. Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn fi kún un pé nínú egungun tútù tí ó wà lára ènìyàn alààyè, omi oníyọ̀ tí ń ṣàn gba inú ihò tín-tìn-tín egungun kọjá nígbà tí a bá tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ó ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára yìí.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ ní kedere. Gbogbo ìgbà tí ìyá aláta bá gbé agbọ̀n karí tí ó ń lọ sọ́jà, ẹ̀lẹ́tíríìkì ń ṣiṣẹ́ nínú egungun ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò jó o, kò gbé e, kò tilẹ̀ mọ̀. Ó dà bí aago tí a fi ń pe òṣìṣẹ́: ó ń sọ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì akọ́lé ibi tí ògiri nílò àfikún.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe. Bí egungun tí ó dá kò bá lè gbé ẹrù, aago náà kì í lù dáadáa mọ́, iṣẹ́ àwọn akọ́lé a sì máa falẹ̀. Àwọn onímọ̀ wá rò ó pé, bí a bá ti ìta lu aago náà ńkọ́? Ṣáájú 1957 ni Yasuda ti fi agbára kékeré sínú egungun ehoro, tí egungun tuntun sì hù yí etí wáyà àyọkúrò ká. Ní 1964, Bassett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí irú rẹ̀ nínú egungun itan ajá. Ní 1979, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú ìtọ́jú yìí fún egungun tí ó kọ̀ tí kò so.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà ṣe é. Nínú ọ̀nà kìíní, wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ ki etí wáyà bọ ojú ibi tí egungun ti dá. Ní etí yìí, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ó wà nínú omi ara ń dínkù, omi náà sì ń sún kúrò ní kíkan díẹ̀, ó ń dà bí omi eérú. Irú ibẹ̀ ni àwọn akọ́lé fẹ́ràn, ibẹ̀ náà sì ni àlùmọ́nì ti ń rọrùn láti jókòó. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n lẹ páálí irin méjì mọ́ ara lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì ibi tí ó dá. Ìyẹn ń ṣí ilẹ̀kùn kéékèèké ara sẹ́ẹ̀lì kí kálísíọ́ọ̀mù lè wọlé, kálísíọ́ọ̀mù tí ó bá sì wọlé ni yóò rán sẹ́ẹ̀lì níṣẹ́ pé kí ó dìde, kí ó bí síi, kí ó sì kọ́lé. Ọ̀nà kẹta ni ti bàbá wa, wáyà tí a ká tí ń sọ agbára òòfà rẹ̀ jí, tí ó sì ń pa á, léraléra. Michael Faraday ti fi hàn láti 1831 pé òòfà tí ń yí padà ni ó ń mú ẹ̀lẹ́tíríìkì jáde. Nínú ọ̀nà yìí, kò sí wáyà kankan tí ó wọ ara.

Báwo ni agbára yìí ṣe pọ̀ tó? Bí a bá pín ámpíà kan sí mílíọ̀nù kan, ìwọ̀n bí 5 sí 20 nínú rẹ̀ ni ó mú egungun hù nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe lára ehoro ní ọ̀nà kìíní. Bó bá kéré ju 5 lọ, kì í ṣe nǹkan. Bó bá pọ̀ jù, ẹran ara tí ó yí wáyà ká yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Èyí tí ń tan gílóòbù tọ́ọ̀ṣì fi ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún jù ú lọ. Ẹ rí i pé bàbá kò jẹ̀bi pé ó bẹ̀rù, nítorí agbára tí ó pọ̀ jù ń ba egungun jẹ́ lóòótọ́. Ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ wà. Iyọ̀ tí a fi ń se ọbẹ̀, bí a bá dà á kún ìkòkò, ta ni yóò jẹ ẹ́?

Ẹ má ṣe rò pé mo fẹ́ sọ ẹ̀rọ di òrìṣà. Àwọn onímọ̀ tí ó jẹ́ olóòótọ́ mọ̀ pé ẹsẹ̀ tí ó san lẹ́yìn tí a lo ẹ̀rọ lè jẹ́ èyí tí ìbá san bí a kò tilẹ̀ lò ó. Nítorí náà, wọ́n ń fún àwọn kan ní ẹ̀rọ tòótọ́, wọ́n ń fún àwọn kan ní èyí tí kò ṣiṣẹ́, aláìsàn kò sì mọ èyí tí ó wà lọ́wọ́ òun. Ní 2011, wọ́n tẹ àbájáde irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kan jáde láti Ọsirélíà, lára ènìyàn 259 tí ojúgun wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹ̀rọ náà kò dín iye àwọn tí ó tún nílò iṣẹ́ abẹ kù. Ní 2016, àwọn kan kó ìdánwò 15 jọ, wọ́n sì rí i pé àwọn tí wọ́n lo ẹ̀rọ tòótọ́ fi bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ti egungun tí kò so nínú fọ́tò. Ìrora wọn dínkù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò hàn pé wọ́n tètè padà sẹ́nu ìrìn àti iṣẹ́ ju àwọn yòókù lọ. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé olùrànlọ́wọ́ ni ẹ̀rọ náà. Bí egungun kò bá tò dáadáa, bí kòkòrò àrùn bá wà lójú ọgbẹ́, bí aláìsàn bá ń fa sìgá, bí oúnjẹ gidi kò bá wọ inú rẹ̀, kò sí bátìrì tí yóò so egungun náà.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta láti bá yín sọ.

Ọ̀rọ̀ kìíní ni ti àwọn tí ń ta ẹ̀gbà òòfà nínú ọkọ̀ èrò àti ní gáréèjì, tí wọ́n ń búra pé yóò so egungun, yóò sì wo làkúrègbé. Òòfà tí ó dúró sójú kan kì í mú ẹ̀lẹ́tíríìkì jáde. Ohun tí Faraday kọ́ wa nìyẹn. Àìmọ̀kan-mọ̀kàn ni í mú èkúté ilé pe ológbò níjà, òun náà ni í sì í mú wa fi owó oúnjẹ ra irin lásán. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe fa wáyà láti ara bátìrì ọkọ̀ sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ tí ń ran ọkàn lọ́wọ́ láti lù, tàbí tí ó lóyún, kí ó fi tó dókítà létí kí ó tó súnmọ́ irú ìtọ́jú yìí.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ìrìn àjò. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn a-to-eegun wa. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ni ọwọ́ wọn ti tò tí ó tọ́. Ṣùgbọ́n kí a gbé ẹni tí egungun rẹ̀ dá sínú ọkọ̀, kí a sì fi òru àti ọ̀nà gbágungbàgun gbé e láti Kánò dé Ìbàdàn, kí á tó mọ bí ó ṣe dá, ewu ńlá ni. Ìdì tí ó bá sì fún jù ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé mọ́ yóò kú. Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò níbi tí ẹ wà. Bí dókítà bá sì ti ní kí ẹ máa tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ má ṣe sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kí àwọn ará ilé máa bọ́ yín bí ọmọ tuntun. Àwọn tí ń lọ sí òfurufú, níbi tí ẹsẹ̀ kì í ti í gbé ẹrù, ń pàdánù ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú egungun ìbàdí wọn lóṣooṣù. Ìrìn ni ẹ̀lẹ́tíríìkì àkọ́kọ́ tí Ẹlẹ́dàá fún egungun, a kì í sì í san owó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ gbogbo, níwọ̀n ìgbà tí ìwé ìròyìn yìí ti jẹ́ ti ìjọba, tí ó sì ń sọ̀rọ̀ ní èdè púpọ̀. Àlàyé jẹ́ apá kan nínú ìtọ́jú. Bí ọmọ Yorùbá bá dùbúlẹ̀ ní Kàdúná, tàbí tí Haúsá dùbúlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tàbí tí Ìgbò dùbúlẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì, ó yẹ kí ilé ìwòsàn ní ẹni tí yóò la ọ̀rọ̀ ìtọ́jú yé e ní èdè abínibí rẹ̀, kí ẹni náà sì jẹ́ ẹni tí àwọn dókítà ti kọ́kọ́ là á yé. Kì í ṣe kí wọ́n kàn pe akọ̀wé tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì. Akọ̀wé tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì ni èmi náà, ẹ sì ti gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ bàbá, n kò mú ìwé dání. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni mo nawọ́ sí. Mo ní, “Bàbá, ẹ̀yin ni ẹ ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ yìí láti ogójì ọdún wá. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, agbára kékeré kan ń jáde nínú ojúgun yín, òun ni ó ń sọ fún egungun pé kí ó máa le. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti dá, ẹ kò tẹ̀ ẹ́ mọ́, egungun kò sì gbọ́ ohùn náà mọ́. Ohùn yẹn ni ẹ̀rọ tí ọmọ yín rán wá fẹ́ bá egungun sọ. Kò gbóná, kò sì ń jóni.”

Bàbá wò mí títí. Ó ní, “Kí ló dé tí o kò fi sọ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́sí?”

N kò ní èsì. Ó ní kí ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ ṣí àpótí. Oṣù karùn-ún lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, tí ó sì ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bí dókítà ti pàṣẹ, fọ́tò fi hàn pé afárá funfun kan ti gba orí àlàfo náà kọjá. Mo bi dókítà léèrè bóyá ẹ̀rọ ni ó ṣe é. Ó ní ẹsẹ̀ ènìyàn kan kò tó búra lé lórí, bóyá ẹ̀rọ ni, bóyá ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ni, bóyá méjèèjì. Mo fẹ́ràn èsì náà. Ohun tí èmi lè búra lé lórí ni pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ẹ̀rọ náà fi wà nínú àpótí, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni ó tì í mọ́ ibẹ̀.